Kí Ẹ Tó Fi Sípánà Kan Pléètì

Ọmọ náà ní ẹnu méjì. Ọ̀kan wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Èkejì, pupa rẹ́súrẹ́sú, rọ̀ wá sí àgbọ̀n. Bàbá rẹ̀ tẹ́ kàlẹ́ńdà náà sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi ní Òkè-Oyi, ó sì dákẹ́. Kàlẹ́ńdà wólímà ni, ẹ̀dà 500, tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn tó máa wá bá wọn yọ̀ pé ọmọ parí Kùránì. Láwàní tí wọ́n wé fún un ní etí búlúù lápá òsì, ó ní etí ìyeyè lápá ọ̀tún, àfi bíi pé òjìji mẹ́ta ló ń bá ọmọ kan ṣoṣo rìn.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ yìí títí irun yín fi funfun," bàbá ọmọ wí. "Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Òǹtẹ̀wé ní pléètì ni kò dára, ó ní kí n san owó pléètì tuntun."

Ní ọjọ́ kejì, a wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ọmọlúàbí ni ẹni tó ni ín, iṣẹ́ ló kàn dà á láàmú. Ó fi pléètì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́ ara ògiri. Mẹ́ta nínú wọn ti ya ní etí tí a máa ń ṣẹ́ kọ́, níbi tí irin ìdìmú ti ń bù wọ́n jẹ lára sìlíńdà. "Mo fà á sọ́tùn-ún, mo fà á sósì, Bàbá, kò gbọ́," ó wí. Mo ní kó kó àwọn bébà tó bàjẹ́ wá. Ẹnu yà á. Ó ti dì wọ́n sínú àpò, alákàrà ló fẹ́ tà wọ́n fún.

Mo fa mẹ́wàá yọ, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Lórí àkọ́kọ́, àwọ̀ pupa yẹ̀ sósì. Lórí ìkejì, ó yẹ̀ sọ́tùn-ún. Ìkẹta dọ́gba géérégé. Ìkẹrin tún padà sósì. Òǹtẹ̀wé wo bébà títí, ó sì káwọ́ lérí. Pléètì tí a ti dè mọ́ sìlíńdà kì í rìn. Bébà ló ń rìn. Pléètì mẹ́ta tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ló ti fi sípánà fà ya.

Ohun tí mo wá kìlọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ̀yin ọmọ-iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ wá kò ju ìyẹn lọ: ẹ ka bébà kí ẹ tó fọwọ́ kan pléètì. Nínú gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, pléètì ló rọrùn jù láti dá lẹ́bi, torí òun lojú kọ́kọ́ ń rí, òun náà sì ni sípánà tètè ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò wọ ilé ìtẹ̀wé rí. Àwòrán aláwọ̀ tí ẹ ń rí lára kàlẹ́ńdà, àwọ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀: búlúù tí à ń pè ní cyan, pupa tí à ń pè ní magenta, ìyeyè, àti dúdú. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pléètì tirẹ̀. Bí ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ojú ọmọ inú àwòrán, tó-tò-tó kéékèèké lẹ máa rí, tí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò síra wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ balẹ̀ síbi tí a pè wọ́n sí. Bí ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà yẹ̀, ìyẹn bí i sísanra irun orí kan, ojú tó mọṣẹ́ ti rí i. Bí ó bá tó ìdajì mìlímítà, ìyá àgbà tí kò wọ gíláàsì rí i. Ìbáramu àwọ̀ yìí ni à ń pè ní rẹ́jísítà, òun náà ló fà á tí a fi ń tẹ àmì bí agbélébùú nínú òrùka sí etí bébà, kí a lè mọ̀ bóyá àwọ̀ mẹ́rin ti di ọ̀kan.

Nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, kò sí ẹni tó bá rẹ́jísítà àwọ̀ jà. Yíǹkì dúdú nìkan ni, àwọ̀ kan ṣoṣo kò sì ní ẹni tí yóò bá ṣe aáwọ̀. Alois Senefelder ti ṣàwárí ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1796 pé a lè fi ọ̀rá àti omi tí kì í darapọ̀ tẹ̀wé láti orí òkúta, ṣùgbọ́n ó di 1904 kí Ira Rubel ní Amẹ́ríkà tó kíyè sí i pé tí àwòrán bá kọ́kọ́ bà sórí rọ́bà, tó wá ti orí rọ́bà bọ́ sórí bébà, ó máa ń dán ju èyí tó ti orí pléètì bọ́ tààrà lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló yí lójú òfo láìsí bébà, tí àwòrán fi lẹ̀ mọ́ rọ́bà. Àṣìṣe ló bí ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ wa. Rọ́bà yẹn ni à ń pè ní bíláńkẹ́ẹ̀tì dòní.

Láti Ṣómólú l'Ékòó dé Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìlọrin, ẹ̀rọ Heidelberg tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé fi ń jẹun: GTO, Kord, àti àwọn àbúrò wọn. GTO ti wà láti 1972, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ kan ni púpọ̀ nínú wọn. Èyí túmọ̀ sí pé bébà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin kí àwòrán tó pé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni omi máa kàn án, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni gírípà máa dì í mú, tí ó sì máa sùn sórí ilẹ̀ láàárín wọn. Àwọn tó ní ẹ̀rọ aláwọ̀ mẹ́rin, tí bébà ń wọlé lápá kan tó ń jáde lápá kejì ní aláwọ̀ tán, kò mọ ìyà tó ń jẹ wá. Ẹ má bínú, mo ti ń ṣàròyé.

Bí rẹ́jísítà bá sá, ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ fa bébà 20 tó tẹ̀ léra yọ, ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́yìn láti 1 dé 20, kí ẹ wá gbé awò lé àmì agbélébùú ní iwájú bébà àti ní ìrù rẹ̀, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Bí àṣìṣe bá jókòó sójú kan náà lórí ogún bébà, ẹ lè máa fura sí pléètì, sí fíìmù tí a fi ṣe é, tàbí sí bí a ṣe dè é. Bí ó bá ń yẹ̀ síbí tó ń yẹ̀ sọ́hùn-ún, ẹ fi pléètì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bébà ni, tàbí ti fídà tó ń gbé e, tàbí ti gírípà tó ń dì í mú. Ìdánwò kejì tún wà tí àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa. Ẹ tẹ bébà díẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lára ẹ̀rọ, kí ẹ kó bébà kan náà padà sínú fídà, kí ẹ tún un tẹ̀ pẹ̀lú pléètì kan náà. Bí tó-tò-tó bá balẹ̀ sórí ara wọn tí ẹ kò rí ju ọ̀kan lọ, fídà àti gírípà jàre. Bí gbogbo tó-tò-tó bá di ìbejì, ọwọ́ yín ti ba olè.

Ní ilé iṣẹ́ tí mo ń sọ yẹn, ìbejì la bá. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé bébà bí ẹni ń tẹ̀ lé àjèjì wọ ọjà. Ẹnu afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ fà á sókè láti orí òkìtì, bẹ́líìtì gbé e lọ síwájú, ó fi orí kan àwọn irin iwájú, irin ẹ̀gbẹ́ tí à ń pè ní sáìdìléè sún un títí yóò fi dúró sójú àyè rẹ̀, gírípà wá dì í mú, ó di inú sìlíńdà. Ibikíbi tí a bá ti ń gba bébà lọ́wọ́ ara wa ni ó ti lè bọ́. Sáìdìléè ló ṣẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti sún un jìnnà jù sí òkìtì bébà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń kan bébà kan tí kò kan òmíràn. Ìdajì wákàtí la fi tún un ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ wa ti fi na pléètì.

Gírípà náà ní ìwà tirẹ̀. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ eyín gírípà kọ̀ọ̀kan nígbà tí a ti pa iná ẹ̀rọ, ẹ fọwọ́ yí i títí yóò fi pa ẹnu dé, kí ẹ wá fà wọ́n wò. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ le bákan náà. Èyí tó bá yọ wẹ́rẹ́, eyín rẹ̀ ti jẹ, tàbí yíǹkì gbígbẹ àti eruku bébà ló jókòó sí i lẹ́nu. Mo ti rí gírípà tó kún fún ìdọ̀tí bí eyín ẹni tó jẹ ìrèké, tí ọ̀gá sì ń bú ọmọ-iṣẹ́ pé kò mọ pléètì dè.

Ẹ tún ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ bébà. Etí tó fi kan sáìdìléè ní àwọ̀ àkọ́kọ́, òun náà ló gbọ́dọ̀ fi kan án ní ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí tó fún gírípà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi bírò fa ìlà dágẹ̀ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì bébà. Bí ọmọ-iṣẹ́ bá yí ìdì kan lódì, ìlà yóò já, ojú yóò sì rí i. Bí ẹ bá fẹ́ yí bébà láti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ìrù rẹ̀ yóò wá di iwájú, ẹ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ ìgébébà kọ́kọ́, kí gbogbo igun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Bébà tó ti ilé ìtajà wá kì í fi gbogbo ìgbà ní igun tó gún, ohun yòówù tí wọn ì báà kọ sára páálí rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a jókòó sí díẹ̀ nìyí: bébà ń mí. Ẹni tó ń gbé láàárín Òkè-Oyi àti Jẹ́bà mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe. Ilẹ̀kùn tó ń há mọ́ férémù nígbà òjò yóò ṣàdédé máa pa dé wẹ́rẹ́. Ètè yóò là, àtẹ́lẹsẹ̀ yóò sán. Ara igi ni ilẹ̀kùn, ara igi náà ni bébà. Ohun tó ń ṣe ọ̀kan ń ṣe èkejì. Fọ́nrán igi inú bébà máa ń wú nígbà tí ó bá mu omi, ó máa ń súnkì nígbà tí ó bá gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń wú ní ìbú ju bí ó ṣe ń wú ní gígùn lọ. Nígbà ọyẹ́, etí òkìtì bébà tí a kò bò yóò kọ́kọ́ gbẹ, yóò sì súnkì nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Nígbà òjò, etí náà yóò mu omi, yóò máa ṣe kẹ́bẹ́kẹ́bẹ́ bí etí aṣọ tí wọn kò lọ̀. Bébà tí etí rẹ̀ súnkì àti èyí tó ń ṣe kẹ́bẹ́kẹ́bẹ́, kò sí ọ̀kan tó máa jókòó dáadáa lábẹ́ gírípà.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Nọ̀fẹ́ńbà àti Dìsẹ́ńbà ni gbogbo ayé ń tẹ kàlẹ́ńdà, oṣù méjèèjì yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń wọlé. A ó tẹ ìyeyè ní àárọ̀, a ó tẹ pupa ní ọ̀sán, iná yóò lọ, epo jẹnẹrétọ̀ yóò tán, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó lọ sílé. Òkìtì bébà tó ti gba àwọ̀ méjì yóò sùn síta gbangba nínú ọyẹ́. Nígbà tí iná bá dé ní ọjọ́ kejì, bébà yẹn kì í ṣe bébà àná mọ́. Ó ti kéré sí i. Búlúù yóò balẹ̀ síbi tí fíìmù ní kó balẹ̀ sí, pupa àná yóò wà níbi tí ó gbẹ sí, a ó wá mú sípánà.

Ohun tó yẹ kò le. Bí bébà bá dé láti ọjà, ẹ má ṣí i lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé e sínú yàrá tí ẹ̀rọ wà ní ọjọ́ kan sí méjì pẹ̀lú páálí rẹ̀ lára, kó bá yàrá náà dọ́gba. Bí ẹ bá tẹ àwọ̀ kan tán, ẹ fi nílọ́ọ̀nù bo òkìtì náà, orí àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kódà bí ẹ̀ ń lọ kírun Àsárì lásán. Àwọn tó mọ bébà ní kí ọ̀rinrin inú yàrá wà láàárín 45 àti 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Aago kékeré kan wà tí a ń gbé kọ́ ògiri tó máa ń sọ iye rẹ̀. Ẹ dín omi orí pléètì kù títí dé ibi tí ojú funfun kò ní í dọ̀tí, torí gbogbo omi tó bá ṣẹ́kù, bébà ló ń mu ún.

Ọ̀nà fọ́nrán ńkọ́? Ẹ gé bébà kékeré onígun mẹ́rin, ẹ fi omi pa ojú kan rẹ̀. Yóò ká bí ẹní. Ọ̀nà tí ọ̀pá ẹní náà dùbúlẹ̀ sí ni fọ́nrán rẹ̀ lọ. Fún iṣẹ́ aláwọ̀ púpọ̀, ẹ jẹ́ kí fọ́nrán dùbúlẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú gígùn sìlíńdà. Bí bébà bá máa fẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà tí sìlíńdà ń yí sí ni yóò fẹ̀ sí, ìyẹn sì ni ìfẹ̀ tí a lè wá nǹkan ṣe sí. Bí ẹ bá gé e lódì, ìrù bébà yóò fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbálẹ̀: àmì iwájú yóò bára mu, ti ìrù yóò fọ́n sọ́tùn-ún sósì. Kò sí pléètì tí a lè fà tí yóò wo èyí sàn.

Ó ku ìgbà tí pléètì bá jẹ̀bi ní tòótọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bí ogún bébà bá fi àṣìṣe kan náà hàn, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí a ti ṣẹ́ etí pléètì: ṣé ó wọlé dé ìdí irin ìdìmú ní gbogbo gígùn rẹ̀, àbí igun kan yọrí? Ẹ fi aṣọ nu ẹ̀yìn pléètì àti ojú sìlíńdà. Èérún yíǹkì gbígbẹ kan ṣoṣo tó. Bí pléètì bá dagun, tí àṣìṣe òsì kò dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀tún, ẹ tú ìdè apá kejì kí ẹ tó fún ti apá yìí. Ibí yìí gan-an ni pléètì ọ̀rẹ́ wa ti ya. Ó ń fún níwájú láì tú lẹ́yìn, alumíníọ̀mù sì wà láàárín bí okùn láàárín ẹni méjì tó ń fa okùn. Pléètì GTO lè má nípọn ju 0.15 mìlímítà lọ. Kí ó tó ya, ó ti kọ́kọ́ nà, pléètì tó bá ti nà kì í padà. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dà bíi pé wọ́n ti rí GTO rí.

Bí àwòrán bá gùn ju ti àwọ̀ yòókù lọ tàbí tó kúrú sí i láti iwájú dé ìrù, ọ̀rọ̀ bébà tí a ń tẹ́ sábẹ́ pléètì nìyẹn, tí à ń pè ní pákíìnì. Bí ẹ bá fi kún pákíìnì abẹ́ pléètì, àwòrán á kúrú. Bí ẹ bá yọ nínú rẹ̀, á gùn. Ohun tí ẹ bá yọ lábẹ́ pléètì, abẹ́ bíláńkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbé e lọ, kí àpapọ̀ rẹ̀ má yí padà. Wọ́n ti kọ iye tó yẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé rẹ̀. Páálí sìgá kì í ṣe pákíìnì.

Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ti dá kí pléètì tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láti dín owó kù, àwọn kan ń tẹ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde sórí bébà tírésìn láti inú ẹ̀rọ lésà ọ́fíìsì dípò fíìmù gidi. Iná inú ẹ̀rọ lésà yẹn gbóná. Ó ń mú kí bébà tírésìn súnkì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í sì í súnkì bákan náà. Fún ìwé aláwọ̀ kan, kò burú. Fún àwòrán aláwọ̀ mẹ́rin, ẹ ti ra ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí pléètì kan bá bàjẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn ṣe ẹyọ kan rọ́pò rẹ̀: ẹ gbé tuntun lé àtijọ́ lórí tábìlì, kí ẹ wo àmì agbélébùú wọn kí ẹ tó gbé e sórí ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi CorelDRAW ya iṣẹ́ náà kò ní lọ láìgbọ́ tiyín. Lẹ́tà dúdú kéékèèké gbọ́dọ̀ wà lórí pléètì dúdú nìkan. Bí ẹ bá fi dúdú ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ láì yí i padà, ẹ̀rọ yóò pín in sí àwọ̀ mẹ́rin, lẹ́tà kan yóò wá ní ara mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ bára mu. Lédè Yorùbá, ìyà rẹ̀ pọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àmì abẹ́ ọ, ẹ àti ṣ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ; bí àwọ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, yóò rá, ọ̀kọ̀ á di òkò, a kò ní mọ èyí tí a fi gún nǹkan àti èyí tí a sọ. Ní Ìlọrin níbí, tí à ń tẹ ìwé kéwú lójoojúmọ́, ẹ̀rù rẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó-tò-tó kan lábẹ́ ni lẹ́tà bá, tó-tò-tó méjì lókè ni lẹ́tà tá. Ẹ ṣe tó-tò-tó àti àmì fáwẹ̀lì ní dúdú kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ wà lára òdòdó etí ojú ìwé. Níbi tí àwọ̀ méjì bá ti pààlà, ẹ jẹ́ kí èyí tó fúyẹ́ wọ abẹ́ èyí tó dúdú díẹ̀, kí funfun bébà má yọjú láàárín wọn.

Gbogbo èyí, owó ló ń bàjẹ́ níbẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, ọwọ́ ni.

Ẹni tí rẹ́jísítà ń dà láàmú máa ń kánjú, ẹni tó ń kánjú ló máa ń na ọwọ́ sáàárín sìlíńdà tó ń yí láti nu èérún kan kúrò lójú pléètì. Sìlíńdà kì í mọ̀ pé ọwọ́ ni. Ẹ pa iná pátápátá kí ẹ tó tú pléètì, bí ẹ bá sì nílò láti yí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ni kó di bọ́tìnì mú, kì í ṣe ọmọ-iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn. Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ níta kò rí ibi tí ọwọ́ yín wà. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ ká apá jálàbíà, kí ẹ̀yin obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ki etí híjáàbù sínú aṣọ. Irin tí wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, tí àwọn tó tà á ní tòkunbọ̀ ti tú sọnù, ẹ wá a padà. Òfin Factories Act ti Nàìjíríà sọ pé dandan ni kí a bo ibi eléwu lára ẹ̀rọ, òfin Employees' Compensation Act ti 2010 sì fún òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú. Kò sí èyí tó lè dá ìka padà.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi bẹtiróòlù fọ bíláńkẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé ó ń tètè gbẹ. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń rá lọ, ó lè rá láti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dé ìdí jẹnẹrétọ̀ tó ń jó lẹ́yìn fèrèsé, láàárín òkìtì bébà. Ẹ ra omi ìfọbíláńkẹ́ẹ̀tì. Ó wọ́n, n kò jiyàn.

Oníbàárà, ó kàn yín. Púpọ̀ nínú ẹnu méjì tí ẹ ń rí lórí kàlẹ́ńdà, ìkánjú yín ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ń gbé iṣẹ́ dé ní Ọjọ́bọ̀, ẹ ó ní ọjọ́ Àìkú ni wólímà. Nígbà ìbò, àwọn olóṣèlú a tún burú jù. Wọ́n ń fẹ́ pósítà ní òru kan, wọ́n á tún bínú pé fìlà ọ̀gá wọn ní òjìji. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ lọ jókòó ti ẹ̀rọ títí bébà àkọ́kọ́ tó dára yóò fi jáde, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ó wà ní ìdí ẹ̀rọ bí ẹ̀rí tí gbogbo ìyókù máa bá dọ́gba. Ẹ ní kí wọ́n fi ìdì kan hàn yín kí wọ́n tó gé àmì agbélébùú kúrò. Nígbà tí ẹ bá wá gba iṣẹ́, ẹ fa ẹ̀dà yọ láti àárín àti láti ìsàlẹ̀ òkìtì. Òkè nìkan kọ́ ni òkìtì. Ìgbà náà ni kí ẹ san owó tó kù.

Bí òǹtẹ̀wé bá sì sọ fún yín pé pléètì ni, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó to bébà mẹ́wàá sílẹ̀ fún yín.

Kàlẹ́ńdà ọmọ wólímà ti di títẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Pléètì tuntun mẹ́ta la ṣe, pẹ̀lú ẹyọ kan tí kò ya nínú ti tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí a gbé e lé wọn tí àmì rẹ̀ bára mu. Bàbá ọmọ san ìdajì owó bébà, òǹtẹ̀wé san ìyókù, ó sì san ti pléètì. Ẹnu ọmọ ti di ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e wá ní Sẹ̀tẹ́ńbà, kí ọyẹ́ tó dé.